Ògiri tí Mọ́mì Kò Jẹ́ Ká Kan Ìṣó Mọ́

...àbí kí n sọ fún Dádì pé ìṣó ò sí nílé? Irọ́ ni. Ìṣó ló wà láàárín eyín mi yìí. Bí mo bá sì kàn án, ó parí nìyẹn. Mọ́mì ò tún lọ síbì kankan mọ́. Inú férémù ni wọ́n á máa wà, lára ògiri pálọ̀ yìí, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Kí ló ń ṣe mí gan-an? Iṣẹ́ mi rèé. Kọ́tìnì ni mo ń rán, èmi náà ni mo ń lọ kọ́ ọ. Láti Mgbuoba dé Choba nílùú yìí, ògiri ilé ta ni mi ò tíì lu? Ṣùgbọ́n tiwa... "Ẹ má kan ìṣó mọ́ ilé onílé o. A ṣì ń lọ." Ohùn tíṣà Mọ́mì nìyẹn. Kọ́tìnì pálọ̀ wa, okùn ni Mọ́mì fi so ó mọ́ irin fèrèsé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé: "Ìyá Ìṣó, ẹ káàbọ̀. Òòlù yẹn, ẹnu ọ̀nà ni kó ti dúró."

Dádì ò jẹun láti àárọ̀. Ìrẹsì wọn ti tutù. "Motọ́lání, bá mi kọ́ fọ́tò yìí síbẹ̀. Kí n máa rí i." Wọ́n ń bẹ̀ mí — Dádì, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù! Mi ò lè bá wọn jí Mọ́mì dìde. Ìṣó nìkan ló kù tí mo lè kàn, ìyẹn gan-an ò ṣeé ṣe.

"Your mama waka o!" Sister Hannah ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wí bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú Mọ́mì. "Sokoto, Mubi, Calabar, which place she no teach?" Òótọ́ ni. Mọ́mì gbọ́ Hausa, wọ́n tún fi Efik bá ọmọ kíláàsì wí. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé wọn kiri? Dádì á dé, wọn ò ní tíì bọ́ bàtà. "Bísí, wọ́n ti gbé mi kúrò níbí o." "Kò burú. Níbo?" Ó tán. Mọ́mì á lọ wá páálí tí wọ́n á fi di ìkòkò.

Kò burú. Níbo? Bí ẹni pé...

Àfi ti Calabar. Mo kéré, ilẹ̀ pálọ̀ ni mo jókòó sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Mọ́mì ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn tíṣà fún wọn ní aago ògiri. Mọ́mì fúnra wọn ni wọ́n kan ìṣó rẹ̀, wọ́n ń kọrin. Aago ò pẹ́ níbẹ̀. Dádì dé. "Kò burú. Níbo?" Ohùn kan náà! Àmọ́ bí Dádì ṣe wọ yàrá, Mọ́mì fi ẹ̀mú fa ìṣó yọ, wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín dí ihò náà, wọ́n fi ìka tẹ́ ẹ, wọ́n nu ojú. Ẹ̀rín ni Dádì bá lẹ́nu wọn. Láti ìgbà yẹn, kò síṣòó nílé wa mọ́.

Dádì tiẹ̀ ti fẹ̀yìntì síbí. Síbẹ̀: "A ṣì ń lọ." Èmi rò pé wọ́n fẹ́ràn ìrìnàjò ni...

Ibo ni kí n kàn án sí ná? Àárín níbí, ibi tí mo máa yàn nílé oníbàárà — dúró ná. Kí lèyí? Ó funfun ju ọ̀dà ògiri lọ, kò ju orí ìṣó lọ. Mo fi èékánná họ ọ́. Ó ń rún. Mo mọ púútì, mo mọ símẹ́ńtì. Èyí kì í ṣe...

Ọṣẹ ìfọyín ni.

Mọ́mì. Nígbà wo? Ta ló tún fẹ́ gbé Dádì lọ síbì kan? Ẹ kàn án, ẹ fà á yọ, ẹ wá ń sọ fún wa pé a ṣì ń lọ. Ẹ fẹ́ dúró. Látọjọ́ yìí, ẹ fẹ́ dúró síbì kan — ẹ ò kàn fẹ́ kí Dádì rí i lára ògiri.

Dádì ń béèrè pé ṣé mo ti kàn án, àwọn ò gbọ́ òòlù.

Mo fi ìṣó sójú ihò, mo fi àtàǹpàkò tì í. Ó wọlé. Mi ò lo òòlù rárá.

Fọ́tò yín wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Aago Calabar ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ìṣó kan ṣoṣo... Mi ò mọ èwo ni kí n gbé kọ́.