Ohùn Márùn-ún Tó Sọnù

“Dúró! Mo ní kí o dúró!”

Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ àga, onílù gbé ọwọ́ sókè, orin dá. Ìgbà kẹrin nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì sọ ohun tó ń bí i nínú ní mẹ́ta àkọ́kọ́. Obìnrin afọnfèrè náà yọ fèrè sakisofóònù kúrò lẹ́nu. Ògiri tí wọ́n fi tìmùtìmù bò ló tẹjú mọ́, nítorí bó bá wo ojú bàbá náà nísinsìnyí, ohun tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní í jẹ́ orin.

“Ohùn márùn-ún ni mo fi síbẹ̀,” ni bàbá náà wí. “Márùn-ún. Mo fọn wọ́n, wọ́n wà nínú àwo, gbogbo ayé gbọ́ wọn. Níbo lo ń gbé wọn lọ?”

“Mi ò gbé nǹkan kan lọ, sà. Bó ṣe wà nínú àwo ni mo ṣe ń fọn ọ́n.”

“Àwo ta ni?”

“Àwo yín, sà.”

Atẹdùùrù yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

Má-fi-ṣeré ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe bàbá náà lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ohun èlò orin. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Eyín tó fi ń di ẹnu sakisofóònù mú ti ká tán, èyí tí wọ́n sì ṣe fún un kò gbé ohùn dúró. Ẹgbẹ́ jáàsì rẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò ọdún méjì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sí àga rẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni ìdánwò náà, èyí tó sọ ọ́ di olókìkí. Bí aago mẹ́rin bá lù tí obìnrin náà kò tíì fọn ọ́n bó ṣe tọ́ sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ọkùnrin kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, tó wọ bàtà funfun, tó gbé àpótí fèrè lé orúnkún. Òun ni yóò wọlé.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ń retí irú yàrá yìí. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń lọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ náà, ó parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé eyín ń dun òun. Nísinsìnyí ó dà bí ẹni pé eyín náà ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

“Ẹ bá mi wá àwo yẹn,” ni bàbá náà sọ fún ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ. “Ká mọ ẹni tó ń purọ́ nínú àwa méjèèjì.”

Inú obìnrin náà dùn. Ó mọ orin náà bí ẹni mowó. Nígbà èwe, olùkọ́ rẹ̀ kò ju àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rin lọ, ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, tó sì máa ń kìlọ̀ kó tó jáde pé ọwọ́ tó bá kan giramafóònù òun, òun á gé e. Bó bá ti jáde, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà á gbé àwo sí i, òun á gbé fèrè tó yá nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n á jẹ́ kí àwo kọrin díẹ̀, á gbé abẹ́rẹ́ sókè, àbúrò á wá ohùn náà kiri lórí fèrè títí yóò fi rí i. Ẹ̀gbọ́n á tún gbé abẹ́rẹ́ padà. Àbúrò ní láti kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n ló ṣòfin yẹn: etí máa ń gbọ́ dáadáa bí ojú kò bá níṣẹ́.

Lọ́dọ̀ ọkùnrin inú àwo kìn-ín-ní ló ti kọ́ bí a ṣe ń wọnú orin jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn. Obìnrin tó wà nínú èkejì kọ́ ọ ní sùúrù. Kì í fọhùn títí àwọn yòókù á fi sọ tẹnu wọn tán. Ẹ̀kẹta ń fọn fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń bínú láìpariwo. Ẹ̀kẹrin ni ti Má-fi-ṣeré. Gbogbo ohun tó kù, ibẹ̀ ló ti wá. Láti ìgbà tó ti há orin náà sórí, kò tún wá àwo rẹ̀ kiri mọ́. Ẹni tó mọ Àdúrà Olúwa kì í ṣí ìwé kó tó gbà á.

Ọkùnrin ẹlẹ́rọ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Fèrè bẹ̀rẹ̀, ó ń gun òkè lọ, obìnrin náà ń fi ìka bá a lọ lórí itan rẹ̀. Bàbá náà na ọ̀pá sókè.

Ohùn márùn-ún. Wọ́n kéré, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn wọn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyókù orin.

Kò gbọ́ wọn rí láyé rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fi sí i.”

Wọ́n tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀: ó ní kí bàbá má bínú. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ kò mọ̀ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì. Ní ìgbà karùn-ún, wọ́n fo ibẹ̀ bí ẹni fo kòtò. Ní ìgbà kẹfà, ó rántí nígbà tó ti kọjá. Ní ìgbà keje ó fọn mẹ́rin. Ní ìgbà kẹjọ ó fọn mẹ́fà.

“Mẹ́fà!” Bàbá náà wo òkè àjà. “Ó ti san èlé fún mi! Ṣé wọ́n nà ọ́ níbẹ̀ yẹn rí ni?”

“Rárá, sà.”

“Kí ló wá dé tí o fi ń sá níbẹ̀?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná,” ni onílù bẹ̀bẹ̀.

“Ẹni tó bá fọn márùn-ún ni yóò jẹun.”

Nígbà tó di ìgbà kọkànlá, ó rẹ bàbá náà fúnra rẹ̀. Ó fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníbàtà funfun dìde fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ó ti fẹ́ẹ̀ parí?”

“Bó bá parí, wàá gbọ́.”

Ó lọ dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń sáré lábẹ́ ọ̀rọ̀.

“Àǹtí mi, àwo àtijọ́ yẹn, èyí tí wọ́n ya afárá sí lẹ́yìn páálí rẹ̀. Ṣé ó ní àbùkù níbì kan ni?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Àǹtí!”

“Irin tí mo fi ń lọṣọ ló já lé e lórí. Ó ha á lára níbì kan péré. Ìwọ náà mọ bí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ṣe rí. Bó bá gbọ́, àwo tán, giramafóònù tán. Ìwọ ńkọ́? Orin yẹn lò ń jẹ, òun lò ń mu.”

“Mi ò gbọ́ kó pariwo níbì kankan rí.”

“Báwo lo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, mo ti gbé abẹ́rẹ́ fò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ nígbà tí o bá lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ mi yá ju ti olè lọ.”

Ìyẹn ni ìdí tó fi ní kó máa kọjú sí ògiri. Ọgbọ́n tí òun náà ti fi kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ mọ́kànlá, pé kí ojú má níṣẹ́. Kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sọ fóònù mọ́lẹ̀.

“Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Àǹtí.”

“Mo fẹ́ sọ nígbà kan. O ti ń fọn ọ́n níwájú èèyàn nígbà yẹn, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ṣé wọ́n ń bá ọ wí ni?”

“Ó kù díẹ̀ kí wọ́n nà mí.”

“Gbé fóònù fún bàbá náà. Kí n sọ fún un pé èmi ni mo jẹ ẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ máa ránṣọ yín lọ.”

Nígbà tó padà wọlé, bàbá náà nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń mu omi gbígbóná. Ìbínú rẹ̀ ti di àárẹ̀.

“Jókòó. Bóyá o rò pé nítorí ẹwà ni mo ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Wọn ò lẹ́wà. Mo fi wọ́n síbẹ̀ kí n lè mí ni.”

“Kí ẹ lè mí, sà?”

“Ṣé ẹ̀dọ̀fóóró ẹṣin ló wà nínú mi ni? Láti ibi tí fèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí yóò fi balẹ̀, ta ló lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìmí? Mo fọn márùn-ún, mo dákẹ́, mo mí, mo tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo lágbára jù lọ gan-an, n kò lè ṣe é.”

Ọdún méjì ni obìnrin náà fi kọ́ bí a ṣe ń la ibẹ̀ yẹn kọjá láìmí. Nínú ilé ìwẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ, ó fi aṣọ ìnura di ẹnu fèrè nítorí àwọn ará ilé. Lẹ́ẹ̀mejì ló dákú, ní ẹ̀ẹ̀kejì ó forí gbá ẹ̀rọ omi, àpá náà ṣì wà níbi tí irun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gbé aṣọ tútù gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ní mí títí yóò fi dé àjà kẹta. Ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀ gbẹ mọ́ ẹnu fèrè kan ṣoṣo tó lò fún oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó máa ń sunkún pé ọkùnrin inú àwo yẹn, èémí rẹ̀ kì í ṣe ti èèyàn, ó sì máa ń pa dà lọ tún un ṣe, nítorí bí ènìyàn kan bá ti lè ṣe é, òun náà gbọ́dọ̀ lè ṣe é.

Ó wo àyà bàbá náà lábẹ́ ẹ̀wù. Ó rí tóóró, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò.

“Ìwọ, níbo lo ti ń mí níbẹ̀?” ni bàbá náà bi í.

Ìdáhùn náà dé ètè rẹ̀. Kò burú, kò sì gùn.

“Ẹ jẹ́ ká ṣe é, sà,” ló sọ. “Mo ti mọ ibẹ̀ báyìí.”

Àwọn yòókù wọlé. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Dùùrù ṣáájú, gìtá ńlá tẹ̀ lé e, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìka rẹ̀ dé etí kòtò, ó sì sọ̀ kalẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó dákẹ́. Ó la ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì mí níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ wọlé bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ó gbé e dání la ìyókù orin náà já títí fèrè fi balẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò mira títí ọkùnrin ẹlẹ́rọ fi pa ẹ̀rọ rẹ̀. Èémí tó ṣẹ́ kù láyà obìnrin náà pọ̀. Ó rọra ń fi imú tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí etí bàbá náà má baà gbọ́ bó ṣe pọ̀ tó.

“Òun nìyẹn,” ni bàbá náà wí. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ fún oníbàtà funfun kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ ọn. “Kí ló dé tí ò ń mí bẹ́ẹ̀? Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?”

“Ó rẹ̀ mí, sà,” ni obìnrin náà dáhùn.