Ohùn Ìsàlẹ̀ Jímọ̀

Ó ṣì ń dún bí ẹ̀fọn. Mo tún yí ọwọ́ ẹ̀rọ, mo tún gbé abẹ́rẹ́ lé àwo — ó ṣì ń dún bí ẹ̀fọn létí ẹni. Kí ló kù tí n ò tíì ṣe? Mo ti yọ ìwo idẹ tó bá giramafóònù àlòkù yìí wá láti Òkokomáíkò. Pákó ni mo fi rọ́pò rẹ̀, pákó tí mo fọwọ́ ara mi fá, tóóró nídìí, gbàràgàdà lẹ́nu. Ó gùn ju èmi gan-an lọ. Síbẹ̀...

Ó ń jò. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń jò. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojú ibi tí pákó ti pàdé. Ibí kọ́. Ibí kọ́ — hẹn, ibí nìyí, atẹ́gùn tín-ín-rín. Èmi Àjàgbé tí ìdajì Ọ̀jọ́ ń ti ilẹ̀kùn tí mo kàn, n ò lè so pákó mẹ́rin pọ̀ kí atẹ́gùn má gba àárín wọn kọjá.

Ìda oyin wà nínú agolo. N ó yọ́ ọ, n ó fi dí i.

Ìyá mi lọ kí àbúrò wọn ní Ìbà. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, wọ́n á ti dé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí n gbé e sí i, wọ́n á sì tún sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú àwo náà dé.

“Àjàgbé, ta ló ń kọrin yìí?”

“Jímọ̀ ni, Ìyá. Ó wà lára àwọn elégbè yẹn.”

Wọ́n dẹtí títí àwo fi tán. “Jímọ̀ kọ́. Mo mọ ohùn ọmọ mi.” Wọn ò sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n lọ yí ẹja lórí iná.

Bẹ́ẹ̀ òun ni. Ṣàkírù tó kó wọn jọ, tó ń lé orin níwájú wọn, fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. “Ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ìwo kékeré ò lè gbé e. Ó ń fẹ́ nǹkan tó gùn, tẹ́nu ẹ̀ fẹ̀.” Ọdún 1953 ni wọ́n gba ohùn wọn sínú àwo l'Ékòó. Lọ́dún kejì, ikọ́ gbé Jímọ̀ lọ. Ó wà nínú àwo yìí. Kò kàn rí ọ̀nà jáde ni.

Ìda ti yọ́. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó jó mi. Kò burú.

Bí ìyá mi bá ti lè sọ pé òun ni, ó parí. Àwọn ni wọ́n máa mọ̀ ọ́n. Àwọn ni. Torí èmi...

Torí èmi ò mọ̀ ọ́n.

Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Mo ti gbàgbé ohùn Jímọ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wà, àpá tó wà lágbọ̀n rẹ̀ ṣì wà. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Àjàgbé, rọra, ayùn ò mọ olówó ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà pé, ṣùgbọ́n ohùn tèmi ló fi ń sọ ọ́ nínú orí mi. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú rẹ̀. Irú àbúrò wo nìyẹn? Mò ń ṣe bí ẹni ń wá a fún ìyá mi...

Ó yá. Abẹ́rẹ́ tuntun. Ohùn Ṣàkírù jáde, ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Elégbè gbà á. Ìsàlẹ̀ — òfìfo. Ẹnu ìwo ò fẹ̀ tó. Pákó sì ti tán.

Àmọ́ ògiri ò tán. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé, ṣebí ohùn rẹ̀ máa ń kún ni? Ògiri méjèèjì á gbà á, wọ́n á nà án síwájú. Pákó wo ni mo tún ń wá? Mo kúnlẹ̀. Mo ti ìwo náà, mo wọ́ ẹ̀rọ tẹ̀lé e, títí ẹnu rẹ̀ fi kọjú sí kọ̀rọ̀, tó ku bí ìbú ọwọ́ méjì. Ó rẹ̀ mí. N ò lè dìde. Mo gbára lé pákó, mo nawọ́ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ṣàkírù lé e. Elégbè gbà á —

Nǹkan kan gbọ̀n. Etí mi kọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni, ibi tó ti kan pákó.

Ọ̀sà. À ń tukọ̀ bọ̀ láti Ọ̀tọ̀. Mo kéré, òtútù ń mú mi, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn Jímọ̀. Ó ń tukọ̀, ó ń kọrin. Afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rọ̀ orin náà lọ, n ò gbọ́ ọ — ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọrin sí mi lára. Egungun rẹ̀ ń sọ ọ́ fún egungun mi. Lójoojúmọ́ ni, títí mo fi ga kọjá ẹ̀yìn rẹ̀.

Etí mi ò gbàgbé nǹkan kan. Etí mi kọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Mò ń gbọ́ sálúbàtà ìyá mi níta. Wọ́n lè tún ní òun kọ́. Kí wọ́n sọ ọ́. N ó ní kí wọ́n sún mọ́ ọn, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀, n ò sì tíì gbé orí kúrò lára pákó.

Ẹ̀gbọ́n mi nìyí.