Àwọn Tó Fi Ọ̀nà Àbàtà Han Ọba

Wákàtí méjìlá gbáko ni Mobọ́lá fi tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù mọ́jú, ó tún wa ọkọ̀ lórí freeway dé ilé ní ìlú Carrollton, lókè òkun. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dénú egungun. Kò tíì jókòó tí Dárasími, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, fi kó ìwé dé. Ọjọ́ Ajé ló máa dúró níwájú kíláàsì, tí á sọ ìtàn àwọn ará England àtijọ́ tó sá wọ àbàtà Ely, tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ fún Ọba William.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ẹ... ẹ gbọ́ iṣẹ́ iléèwé mi."

Òfin ilé nìyẹn o: Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ wọlé! Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yìí ni Mobọ́lá ti ṣe é, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Bí o bá fẹ́ omi, Yorùbá ni wàá fi tọrọ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí òùngbẹ máa gbẹ ọ́ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Mobọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì ti jáwọ́ nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ tipẹ́, òun ní òun ò ní jáwọ́ láéláé. Ọjọ́bọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, màmá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ó sì ti ṣèlérí fún un pé ọmọ á bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ọba kọ́ afárá. Afárá... rì. Àwọn ṣọ́jà kú. Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà inú àbàtà, wọ́n fi ọ̀nà han ọba."

"Kí ló dé tí wọ́n fi hàn án?"

"Nítorí... wọ́n... Mọ́mì, wọ́n..."

Ó ń wá Yorùbá tó máa fi sọ ọ́, kò rí i. Ọmọ ń làágùn. Orí ń fọ́ Mobọ́lá, oorun ń kùn ún.

"Jọ̀ọ́, just say it in English, baby."

Háà! Ẹnu Mobọ́lá fúnra rẹ̀ ló ti jáde o. Dárasími kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ni Gẹ̀ẹ́sì bá ya bo ilé: ebi ń pa àwọn àlùfáà, ọba ti gba oko wọn, ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, òun ò rò pé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Kò dúró níbẹ̀. Ó sọ ti Rosemary, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kó lọ sí ìlú McKinney, bí òun ṣe ń dá jẹun ní iléèwé láti oṣù tó kọjá, bí òun ṣe ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Odindi oṣù kan tí ọmọ ò fi rí Yorùbá sọ ọ́! Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Ó dun Mobọ́lá wọra. Ó fa ọmọ mọ́ra.

"And then?" ló bi í.