Oṣù Tí Nyumbu Ń Bímọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tó dáa jù láti wá wo nyumbu, ẹran ìgbẹ́ tó jọ màlúù, àti àwọn ẹranko mìíràn lọ́dọ̀ wa, Lesikar ni kí ẹ bi léèrè. Mi ò ṣàwàdà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Òun ló ni ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́bàá ọjà ní Arusha, èmi Kunda ni mo ń wa ọkọ̀ fún un. Ọmọ Masai ni, ó ga, ó mọ aṣọ wọ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

Lóṣù kẹwàá ni Bi Mwanaidi wọlé tọ̀ wá wá; Bi là ń pe ìyáàfin lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyá àgbà yìí ní Tanga kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó, ó gba tíì, ó ní gbogbo ayé ló ń wọ bàálù wá wo kìnnìún ilẹ̀ wa, òun tí wọ́n bí síbẹ̀ ò rí ju èyí tí wọ́n yà sára owó lọ.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni kí n wá? Kí ni kí n sì ṣe tí mo bá dé?"

"Ẹ má wá lóṣù kẹrin, Màmá," ni Lesikar wí. "Ẹrẹ̀ lẹ máa wò délé. Tó bá jẹ́ bí nyumbu ṣe ń la odò kọjá tí ọ̀nì ń gbé wọn lẹ fẹ́ wò, ẹ wá láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án."

"Mo ti rí ikú tó lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò wá ọ̀nì lọ."

"Ẹ wá lóṣù kejì nígbà náà. Nyumbu máa ń kún pápá Ndutu lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, gbogbo wọn á sì máa bímọ. Kí ẹ tó mu ife tíì yìí tán, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ti dìde, ó ti ń sáré tẹ̀lé ìyá rẹ̀."

Bi Mwanaidi pàtẹ́wọ́. "Ìbímọ! Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn! Ó dáa, ṣètò ẹ̀ fún mi. Tá a bá ń lọ, mú mi yà nílé yín kí n kí màmá ẹ."

Lesikar wolẹ̀. "Màmá mi ti kú."

Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Ìyá tó ní ó kú yìí, èmi ni mo máa ń gbé ṣúgà àti ewé tíì tó bá fi ránṣẹ́ fún nígbàkigbà tí mo bá gba ọ̀nà Ngorongoro kọjá. Nolari lorúkọ rẹ̀. Ó ń gbé ní agbo ilé Masai kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń yà kí wọ́n lè wo ijó, kí wọ́n sì ra ìlẹ̀kẹ̀. Ijó yẹn gan-an ló ń ti Lesikar lójú. Àwọn onímọ́tò ẹgbẹ́ wa máa ń fi ìyá arúgbó tó ń jó fún òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé ọmú rẹ̀ lòun mu.

Bí Bi Mwanaidi ṣe jáde ni mo kọjú sí Lesikar. "Lesikar, ṣé orí ẹ pé? Ìyá tó ń mí lo pa yẹn?"

"Bọ̀dá Kunda, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣebí mò ń fi ṣúgà ránṣẹ́ sí i?"

"Ṣúgà! Ṣé èèrà ni ìyá ẹ ni?"

Ó fa ìwé mọ́ra, ó ń ṣètò ìrìnàjò.

Nígbà tí oṣù kejì dé, a gbéra. Lesikar ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún Bi Mwanaidi lójú ọ̀nà, títí kan bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń kíra wọn. Ó ní ẹni tó bá kéré á tẹrí ba, àgbà á gbọ́wọ́ lé e lórí. Pé èèyàn kì í na ọwọ́ sí àgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo ilé Nolari, ó ní kí n tẹná mọ́tò, pé ilẹ̀ ń ṣú. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lókè gangan.

A dé Ndutu, a ò bá nyumbu kankan. Pápá gbẹ táútáú.

"Àwọn aláboyún mi dà?" ni Bi Mwanaidi bèèrè.

"Òjò ló pẹ́, Màmá. Ibi tí òjò bá wà ni wọ́n ń lọ. Ó lè gbà wọ́n lọ́jọ́ díẹ̀ sí i."

"Kò burú. Bá a bá ń dúró de aláboyún, a kì í kánjú. Ẹ jẹ́ ká padà sí agbo ilé Masai tá a sá kọjá lọ́nà."

Lesikar bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun mìíràn tá a lè lọ wò fún un: erin, àgùnfọn, ẹyẹ tó wà létí adágún.

"Àgùnfọn á dúró dè mí," ni ìyá wí. "Èèyàn ni mo fẹ́ kí."

Lesikar wò mí. "Bọ̀dá Kunda, ṣé mọ́tò yìí ò ní yọ wá lẹ́nu báyìí?"

"Mọ́tò le koko," ni mo wí. Mi ò bá a ru irọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe dé ni àwọn obìnrin jáde wá pẹ̀lú orin, Nolari ló ṣáájú. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo tẹrí ba, ó gbọ́wọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Orin gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ arúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra sókè láti òkèèrè, ó ń wá orí ọmọ rẹ̀.

Lesikar na ọwọ́ sí i bí ọ̀gá báńkì. "Shikamoo, Mama," ló fi èdè Swahili kí i, bí èèyàn ṣe ń kí àgbà tí kò mọ̀ rí.

Ọwọ́ ìyá náà dúró lókè. Ó wo Bi Mwanaidi, ó wo bàtà tó ń dán lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó wá rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, àlejò," ni òun náà fi èdè Swahili dáhùn. "Ṣé dáadáa lẹ dé? Màmá yín ńkọ́?"

Bí wọ́n ṣe máa ń kí àlejò nìyẹn, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Bi Mwanaidi, aláàánú, ló bá a dáhùn: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Màmá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ojú gbà mí tì. Mo tẹjú mọ́ táyà mọ́tò bí ẹni pé ó jò.

Nolari mi orí. "Háà. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣé ẹ sin ín dáadáa?"

Ìyá náà bọ́ ẹ̀gbà ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi í sí ọmọ náà lọ́wọ́. "Ẹ gbà. A kì í tajà fún ọmọ òrukàn."

Mọ́tò àlejò mìíràn ti ń yà wọlé. Nolari yí padà kó lọ pàdé wọn.

"Yeyo!" Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lédè wọn nìyẹn. Lesikar pariwo ẹ̀, gbogbo wa gbọ́. Ó sáré lọ síwájú rẹ̀, ó tẹrí ba, fìlà rẹ̀ já bọ́.

Bi Mwanaidi wo ojú ọ̀kan, ó wo ti èkejì. Agbẹ̀bí ni, wọn kì í ṣàlàyé ìyá àti ọmọ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Òkú kì í gbọ́wọ́ lé èèyàn lórí," ni Nolari wí. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó tún gbé orin.

Bi Mwanaidi wọ mọ́tò, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Kunda, jẹ́ ká máa lọ."

"Lesikar ńkọ́, Màmá?"

"Fi í sílẹ̀. Kò tíì kí màmá ẹ̀ tán."

Mo wo gíláàsì ẹ̀yìn bí a ṣe ń jáde. Ó ṣì tẹrí ba nínú oòrùn. Àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti yí i ká pẹ̀lú fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n rò pé òun náà wà lára ohun tí wọ́n sanwó wá wò.