Mọ̀gàríbì Ùpúsálà

Tí oòrùn bá wọ̀, tí wọ́n sì ti kírun Mọ̀gàríbì tán ní Àmùkòkò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá Ìyá Gafar sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti rìnrìn àjò nìyẹn. Yóò jókòó sórí ẹní lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wọn, yóò na ẹsẹ̀, yóò sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kí Lubabah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá gbé fóònù lé e. Ọdún kẹta rèé tí ojú obìnrin náà ti fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta yìí gan-an ló fi rí ayé jù. Gafar, àkọ́bí rẹ̀, ń kàwé ní Ùpúsálà, ìlú àtayébáyé kan ní ilẹ̀ Súwídìn tó jẹ́ pé yunifásítì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló sì ń fẹnu mú ìyá rẹ̀ rìn yí ibẹ̀ ká.

"Màámi, ẹ múra, a ti ń lọ. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ o, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì yìí. Odò Fírísì ló wà lápá òsì yín yẹn, pẹ́pẹ́yẹ wà lórí ẹ̀. A fẹ́ gun afárá báyìí. Kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, ẹ yà!"

Ìyá á yẹ ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní. "Ṣé ó ti kọjá?"

"Ó ti kọjá. Ẹ gbójú sókè wàyí. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá nìyẹn, ṣóńṣó orí ẹ̀ méjèèjì ti wọnú kùrukùru."

"Gafar, o tún ti mú ìyá rẹ Mùsùlùmí dé ṣọ́ọ̀ṣì!" Yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú tí kò ríran.

Láti ibẹ̀ wọ́n á gòkè lọ sí ààfin pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lórí òkè, wọ́n á kọjá lára ilé ìkàwé. Tó bá di ọjọ́ Jímọ́, wọ́n á jáde sẹ́yìn ìlú, níbi òkìtì mẹ́ta tí wọ́n sin àwọn ọba ayé àtijọ́ sí. Koríko ti bo òkìtì wọ̀nyẹn. Gafar á ní kí ìyá òun di ọwọ́ òun mú kí àwọn gùn ún, ìyá á sì máa mí hẹlẹ lórí ẹní bí ẹni tó ń gun òkè lóòótọ́.

Lubabah ló ń wẹ̀ fún un. Òun ló ń gé èékánná rẹ̀, òun ló ń yọ egungun inú ẹja kó má baà há a lọ́fun. Ó ti wọ ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí ojú ìyá fọ́. Ẹnì kan ní láti dúró tì í, Gafar sì ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọmọbìnrin náà ń fẹ́ láyé yìí: kí ìyá òun wo ìhà ibi tí òun wà lẹ́ẹ̀kan péré, kó ní, o ṣeun. Ṣùgbọ́n tó bá gbé omi kaná tó bù ú síwájú ìyá, ohun tí yóò gbọ́ ni pé, "Omi yìí ti tutù. Lọ́dọ̀ Gafar, inú ògiri lomi gbígbóná ti ń yọ." Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó gbé omi kaná ò lórúkọ, ẹni tó ń ròyìn omi lọmọ.

Nínú oṣù kẹfà, ìyá ní kí Lubabah bá òun wá àkókò ìrun ti Ùpúsálà sórí fóònù rẹ̀, kí òun àti Gafar lè jọ máa forí kanlẹ̀ pọ̀. Lubabah wá a. Ó wò ó, ó tún un wò. Nínú oṣù yẹn, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kọjá, ìyẹn aago mẹ́sàn-án kọjá lọ́dọ̀ tiwa. Bẹ́ẹ̀, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lánàá, etí rẹ̀ ló fi gbọ́ Gafar: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Mọ̀gàríbì tán ni, Màámi. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti tan iná létí odò."

Oòrùn ibo ló wọ̀ fún un? Irọ́ tó mọ orúkọ gbogbo afárá, tó mọ iye òkìtì, ìrun ló gbàgbé. Àwa a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí òtítọ́ máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá lé e bá ni wọn ò sọ fún wa.

Lubabah sọ fún ìyá pé ẹ̀rọ náà ò gbé e jáde. Ó gba ọ̀dọ̀ Anayo lọ, ọmọ Íbò tó ń tún fóònù ṣe lójú títì wọn, ó bi í bóyá èèyàn lè mọ ibi tí ìpè ti ń wá. Anayo gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Luba, abeg no vex. E don tey wey I dey see am. Your broda dey Badia, near rail line, na táyà e dey patch. E beg me make I no talk."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Ìjọ́rà Bàdíà, tí kò jìnnà sí Àmùkòkò. Ó bá Gafar lórí ìjókòó, ó ń fi omi wá ibi tí táyà tírélà ti jò, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Nínú yàrá pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán ọ̀nà Ùpúsálà ló lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sí gbogbo ibi tó ti mú ìyá wọn rìn dé. Gafar kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

"Ẹni tó ní òun á mú mi lọ gbé páálí ìrìnnà mi sá lọ. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún Màámi ni dókítà ní ojú wọn ti lọ pátápátá. Màámi ní kí n máa sọ gbogbo ohun tí mo bá rí fún àwọn. Kí ni kí n sọ, Lubabah? Táyà? Fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, màá sọ fún wọn fúnra mi."

"Mo gbọ́," ni Lubabah wí. Láti kékeré ló ti ń fi "ẹ" bá Gafar sọ̀rọ̀. Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ, nu ọwọ́ ẹ."

Bóyá ì bá pa á mọ́ra. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é ní tòótọ́, ó sunkún nínú Márúwá tó gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ìyá, ìyá ní, "Tí mo bá kú, ẹ dúró de Gafar kó wá sin mí. Ìwọ, o ò mọ ọ̀nà ibì kankan."

Lubabah dé ìgò òróró. "Mo mọ ọ̀nà ibì kan, Màámi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ híjáàbù tuntun fún ìyá, ó ní àwọn fẹ́ lọ kí ẹnì kan. Wọ́n kírun ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Bàdíà. Lẹ́yìn náà ó fà á lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá pákó Gafar, ó sì fi fóònù lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó dún.

"Màámi, ẹ múra, a ti ń lọ."

Ìyá dúró gbọin. Ohùn méjì ló gbọ́. Èyí tó wà lẹ́yìn pákó ló kọ́kọ́ dé, ti inú fóònù sì tẹ̀ lé e. Ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Lubabah ń wo ojú rẹ̀, kò sì gbójú kúrò.

"Gafar," ni ìyá wí jẹ́jẹ́, "kí ló wà lápá òsì mi?"

"Odò ni, Màámi. Odò Fírísì."

Ìyá na ọwọ́ òsì. Ó kan òkìtì táyà. Ó fọwọ́ wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Rọ́bà ni," ó wí.

Ilẹ̀kùn pákó ṣí, Gafar sì yọ jáde pẹ̀lú fóònù létí. Nígbà tó rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Ìyá kò mọ̀ pé ó wà nílẹ̀. Ó ní, "Lubabah, mú mi lọ sílé," ó gbẹ́sẹ̀, ó sì tẹ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Gafar ò fa ọwọ́ náà. Lubabah rí i, kò sì sọ fún ìyá.

Ní ọjọ́ kejì, Anayo ní Gafar ti kó ẹrù rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Nínú ilé, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìyá ń jẹun, ó ń wẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. "Òótọ́ ni mo sọ fún yín," Lubabah á wí, "òótọ́ ni, Màámi." Bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, ìyá na ẹsẹ̀ lórí ẹní. "Lubabah, ó yá. Mú mi lọ."

"Síbo, Màámi?"

"Ùpúsálà."

"Mi ò mọ ibẹ̀, Màámi."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìwọ lo lé e lọ. Ó yá."

"Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì. Odò wà lápá ọ̀tún yín..."

"Òsì. Bẹ̀rẹ̀ padà."

Ó bẹ̀rẹ̀ padà. Ó gbàgbé pẹ́pẹ́yẹ, bẹ̀rẹ̀ padà. Ó gbé ààfin ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀ padà. Lójoojúmọ́ ni, nínú òjò oṣù keje, nínú ọ̀gìnnìtìn oṣù kẹjọ. Tó bá ń ja ewédú lórí iná, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń há afárá sórí. Ó lọ sí Bàdíà lọ bẹ àwọn tó gba yàrá náà kí wọ́n jẹ́ kí òun tú àwòrán ògiri. Wọ́n ní àwọn ti fi dáná.

Ní ọjọ́ Jímọ́ kan, kò ṣì í sọ. Ó kọjá afárá, ó yà fún kẹ̀kẹ́, ó wo ṣóńṣó méjèèjì, ó jáde sẹ́yìn ìlú. Ó di ọwọ́ ìyá mú, wọ́n jọ gun òkìtì àwọn ọba, ìyá ń mí hẹlẹ, títí wọ́n fi dé orí ẹ̀kẹta. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, Lubabah wí, a sì ń rí gbogbo ìlú.

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta nìyí tí Lubabah ti ń retí rẹ̀. Obìnrin náà yí ojú sí i, ó fọwọ́ pa á lórí.

"O ṣeun," ó wí, "o ṣeun, Gafar."