Àdúà Tó Dé Etí Ọ̀gá

“Ẹ bá mi bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Ìyá Islamiyyat,” ni Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá, máníjà, wí. Kò lè wo ojú Mùínátù.

Mùínátù kọ́kọ́ rò pé òmíràn ni wọ́n fẹ́ fún òun. Láti àárọ̀ ló ti dúró ti ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ píọ wọ́tà yìí ní Moduganari, tó ń kó omi ọlọ́ràá sínú àpò, tí ọkùnrin yìí kan náà sì ń sọ pé Ọlọ́run ló rán an sí àwọn. Àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe dún, tó jáde lọ dáhùn, tó sì padà wọlé bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà bọ́ aṣọ, ó ká a, ó gbé e lé orí tábìlì. Inú ń bí i dé góńgó. Kì í ṣe ibi àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n á ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, tí wọ́n á tún ní kó máa lọ. Níbì kan, wọ́n ní àyè ti kún. Níbòmíràn, mẹ́gádì kò jẹ́ kó wọlé nígbà tó padà débẹ̀, ó kàn ń wí fún un ṣáá pé, “Sai hakuri, Hajiya.” Sùúrù! Sùúrù wo ló tún kù tí kò tíì ṣe?

“Ọ̀gá, kí ni mo ṣe gan-an?” ni ó bi í. “Ṣé mo jalè ni? Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi, kí n mọ èyí tí mo máa tuba fún.”

Akínọlá wo ìta, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní gbogbo àwọn tó ni ilé iṣẹ́ omi nílùú yìí ló wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Wasáàpù. Òṣìṣẹ́ tó bá ti bá ọ̀gá rẹ̀ fa wàhálà, wọn á ju fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á síṣẹ́ yóò rí ìjà àwọn yòókù. Alhaji Raheem, ọ̀gá Mùínátù tẹ́lẹ̀ ní Lamisula, ló fi fọ́tò obìnrin náà síbẹ̀. Ó ní Mùínátù máa ń kó òṣìṣẹ́ jọ láti dìtẹ̀. Akínọlá fi fọ́tò náà hàn án, kó má baà rò pé irọ́ ni òun ń pa.

Mùínátù wò ó, ẹnu rẹ̀ kò padé. Òun ni lóòótọ́, nínú híjáàbù funfun àsáláátù, ó jókòó sórí ẹní, ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣe àmín. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń yà wọ́n ní fọ́tò níbẹ̀. Ìyá Suhaib ni, olórí wọn, tó ni àgbàlá tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ngomari lọ́jọ́ Àìkú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìgbà tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ni gbogbo rẹ̀ wá yé e. Ohun tí àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ Alhaji Raheem fẹ́ kò ju pé kí wọ́n máa tètè ṣíwọ́, kí kẹ̀kẹ́ tó dáwọ́ ìrìn dúró lálẹ́. Nínú ìlú tí sójà ti ń dá ènìyàn dúró lójú títì, ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Lamisula dé Ngomari? Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa jọ lọ bá a. Ni Mùínátù bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí àsáláátù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó bá ní bùkátà á dìde, á sọ ọ́ síta, gbogbo àwùjọ á ṣe àmín sí i. Kí àdúà má baà ṣìnà, ó dárúkọ ọjọ́, ó sì dárúkọ gbogbo àwọn tó ń lọ, níkọ̀ọ̀kan. Àmín náà rinlẹ̀ dáadáa. Kí ọjọ́ náà tó pé, Alhaji ti lé gbogbo àwọn tó dárúkọ.

Ẹ sì wá wo ẹni tí Mùínátù di ẹ̀bi rù! Ràódàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀rọ, ló ní ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Alhaji, kìkì nítorí pé Ràódàt àti Alhaji jẹ́ ọmọ ìlú kan náà. Pé wọ́n lé Ràódàt náà kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó bú u títí, wọn kò sì kí ara wọn mọ́ láti ìgbà náà.

Kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Suhaib ló gbà lọ tààrà.

Ìyá Suhaib kò jiyàn rárá, èyí ló sì dun Mùínátù jù. Ó ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún un. Píọ wọ́tà Alhaji Raheem ni wọ́n gbé wá, nítorí Alhaji ló ń fún àsáláátù lómi, òun náà ló sì kan òrùlé sí ibi tí wọ́n ń jókòó. Ìyá Suhaib ní Alhaji bẹ òun pé kí òun máa bá a fetí sí àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ rẹ̀, òun kò sì lè ṣe aláìmoore. Òun rò pé ó kàn máa pè wọ́n bá sọ̀rọ̀ ni.

“Alhaji ti ní òun á yọ fọ́tò rẹ kúrò,” ni ìyá náà wí. “Lọ kúnlẹ̀ fún un. Kí o sì máa bá mi gbọ́ ohun tí àwọn tó kù níbẹ̀ ń sọ, torí ìwọ ni wọ́n fọkàn tán. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?”

“Ìyá, àdúà ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe,” ni Mùínátù wí. Kò mu omi náà.

Nílé, Salahudeen ọkọ rẹ̀ ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Kí ó lọ bẹ Alhaji, nítorí iṣẹ́ tí òun nìkan ń ṣe kò gbé ilé ró mọ́. Islamiyyat ọmọ wọn, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ń fi Hausa bi í bóyá yóò padà síṣẹ́. Mùínátù so gèlè mọ́rí, ó lọ sí ilé Ràódàt, ibẹ̀ ló sì kúnlẹ̀ sí.

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ràódàt ń ṣa ìrẹsì lọ ní tirẹ̀, kò gbójú sókè.

“Ojú ọmọ mi lo ti bú mi, Mùínátù.”

“Mo mọ̀.”

Ràódàt kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó ní kó máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Lọ́jọ́ Àìkú, àpò omi Alhaji Raheem wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí Ìyá Suhaib béèrè ẹni tó ní bùkátà, Mùínátù ló kọ́kọ́ dìde.

“Bùkátà mi ni pé mi ò ríṣẹ́ ṣe mọ́ nílùú yìí,” ni ó wí, “nítorí ohun tí mo sọ lórí ẹní yìí ni wọ́n gbé lọ bá Alhaji Raheem. Fọ́tò tí wọ́n yà mí níbi tí mo ti ń ṣe àmín ni wọ́n fi ń lé mi kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ ṣọ́ ẹnu yín níbí.”

Ó jókòó. Ó mọ̀ pé fọ́tò náà kò ní kúrò lórí Wasáàpù mọ́ láéláé. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ìyá Suhaib rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ìjà kọ́ ni àwọn wá jà, kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀.

Ràódàt ló dìde láti ẹ̀yìn.

“Bùkátà tèmi wà lọ́kàn mi. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n,” ni ó wí. Ó rìn wá, ó sì jókòó ti Mùínátù.

Obìnrin tó wà níwájú wọn dìde, ó sọ bákan náà gẹ́lẹ́. Òmíràn tún dìde, ó ní Ọlọ́run mọ tòun náà. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ yí ẹní ká, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, Ìyá Suhaib sì ń ṣe àmín sí ohun tí kò lè mọ̀.