Ẹsẹ̀ Wo Ló Ń Dun Onílé?

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ìtàn méjì ṣì wà lórí tábìlì Ohùn Oyin, kò sì tíì mọ èyí tí òun máa kà. Ohùn Oyin ni gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò ń pè é, ẹ ò sì lè bá wọn jà sí i: tó bá ti ń ka ìtàn lọ́sàn-án, ẹni tó ń lọ aṣọ á gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là. Àwọn olùgbọ́ ló ń kọ ìtàn ránṣẹ́, òun á sì mú ẹyọ kan.

Ẹlẹ́rọ, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, jókòó sí òdìkejì rẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Ọmọ ìyá ni ìtàn méjèèjì," ló wí. "Arìnrìn-àjò dé ìlú tí kò ti mọ èèyàn, bàbá kan gbà á sílé, ó bá a tọ́jú báàgì. Ilẹ̀ mọ́, bàbá ní báàgì wo. Mú ti àkọ́kọ́, ẹni yẹn mọ̀ ọ́n kọ."

Ohùn Oyin ò gbọ́. Ó ti ń fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ohun tó jọra, ìlà ọ̀hún sì ti ń pọ̀ jù. Akọ̀wé kan ló kọ ìtàn kìíní, nọ́ọ̀sì kan ló kọ ìkejì, ìlú tí wọ́n ń gbé sì jìnnà síra. Síbẹ̀, àga tí bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ró wà nínú méjèèjì. Rédíò tí wọn kì í pa wà nínú méjèèjì. Onílé méjèèjì ló ń tiro, àwọn méjèèjì ló sì ń gba báàgì lọ́wọ́ àlejò pé, "Ẹrù àlejò, ọrùn onílé ló wà."

"Ẹ gbọ́, sà," ni Ohùn Oyin wí, ara rẹ̀ ò lè gbà á mọ́. "Wọn ò finú rò ó. Ó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni, onílé kan náà ló sì ṣe é."

"Farabalẹ̀. Onílé akọ̀wé ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tiro. Ti nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ òsì ni. Ṣé nọ́ọ̀sì lè ṣi ẹsẹ̀ mọ̀? Bàbá méjì nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ àgbà bọ́gbọ́n mu. Ohùn Oyin ti ń gbà bọ̀, àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ torí pé ó tín-ín-rín. Wọ́n pè é fún ìdánwò iṣẹ́ ní ìlú míì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì ní ojúlówó ìwé-ẹ̀rí làwọn fẹ́ rí, àwọn ò gba ẹ̀dà. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé. Hòtẹ́ẹ̀lì kún, bàbá kan tí mo bá pàdé ní ibùdókọ̀ ló gbà mí sílé. Tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó bá mi gbé báàgì. Ó ní ẹrù àlejò, ọrùn onílé ló wà. Kì í pàdánù ètò yín. Fóònù mi fẹ́ kú, a jọ máa gbọ́ yín láago mẹ́rin."

Ohùn Oyin gbá fóònù mú. Ó pè é, kò wọlé. Ó tún un pè, kò wọlé. Ọdún mẹ́fà ni Abẹ́rẹ́ fi jìyà lórí ìwé yẹn, bó bá sì sọ nù, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ibi tó ti ń rìn yíká yàrá ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ti yé e.

"Sà, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lóòótọ́ kì í gbàgbé èyí tó ń dùn ún. Ẹni tó ń díbọ́n ló ń ṣi ẹsẹ̀ gbé."

Bisikíìtì bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rọ.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní kó pe ọlọ́pàá. Kó wá ní kí wọ́n lọ sílé ta ni, ní òpópónà wo, nígbà tí ìtàn méjèèjì ò dárúkọ ìkankan? Ohun kan ṣoṣo tó lè dé ilé yẹn ni rédíò tí wọn kì í pa.

"Onílé náà á gbọ́ o," ni Ẹlẹ́rọ wí.

"Mo mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn méjèèjì pọ̀. Ó yọ àga, ó yọ báàgì, ó sọ onílé di ìyá arúgbó kí ọkùnrin yẹn má baà tètè fura. Ó wá sọ arìnrìn-àjò ní Abẹ́rẹ́. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹni méjì ló sì ti jìn.

Aago mẹ́rin lù, iná pupa tàn. Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó kà á, kà á, títí ó fi dé ibi tí ìyá arúgbó ti dìde lórí ẹní. "Abẹ́rẹ́," ló wí, jẹ́jẹ́, "wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èwo ló fi tiro wọlé? Èwo ló fi ń tiro báyìí?"

Ètò parí. Ohùn Oyin ò lè jókòó, kò lè dúró. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ tó dún, ó sì já a gbà lọ́wọ́ Ẹlẹ́rọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Fóònù télọ̀ kan ni mo fi ń pè yín."

"Báàgì rẹ dà?"

"Àyà mi ni mo gbé e mọ́. Ó tún ku mẹ́ta nínú yàrá rẹ̀, mo rí aṣọ nọ́ọ̀sì tó yọ jáde nínú ọ̀kan. Télọ̀ ń mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá báyìí."

Ohùn Oyin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹsẹ̀ wo ló wá fi tiro?"

"Kò fi ìkankan tiro. Ó ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ó ní ẹ mọ ìtàn sọ. Ẹ dárúkọ ẹsẹ̀ báyìí, ló bá fò dìde, ó sáré lọ pa rédíò. Kó tó yíjú padà, mo ti wọ yàrá, mo ti gbé báàgì, mo ti já síta."

"Kò lé ẹ?"

"Ó lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá rí i pé àwọn aládùúgbò ń wo òun, ló bá dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tiro."